Owó ìrànwọ́ fún ohun ààbò oko: àpò ta ló ń bọ́ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa mẹ́rìnlá la ní tírákítọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, a sì ń fi gba iṣẹ́ oko kiri. Lọ́dún tó kọjá, ṣáàfùtì PTO (irin tó ń yí lẹ́yìn tírákítọ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ohun èlò oko) ká aṣọ mọ́ ọmọ iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa lára, apá rẹ̀ ò sì ṣe é lò dáadáa mọ́. A wá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n bá wa dá sí owó ìbòrí ṣáàfùtì àti irin ààbò tó máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, tí kì í jẹ́ kí tírákítọ̀ tẹ èèyàn pa bó bá dojú dé. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ lóko màlúù ní Írẹ́lándì ní ìjọba ibẹ̀ ń san ìdá 60 nínú 100, àmọ́ ọ̀gá òun ní ẹ̀tàn lásán ni, pé ọjọ́ tí ìjọba bá ti kéde owó ni àwọn ọlọ́jà máa ń fowó lé ọjà. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí la lè béèrè tí kò ní jẹ́ pé àwọn oníṣòwò là ń bá tọrọ owó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn, Ọlọ́run á jẹ́ kí apá náà padà bọ̀ sípò. Ìbéèrè méjì lẹ dì mọ́ ara wọn, ẹ jẹ́ ká tú wọn ná. Ọ̀kan ni pé ṣé lóòótọ́ ni owó ìrànwọ́ ìjọba ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èkejì ni pé, bó bá ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, ṣé ó ṣì tọ́ kéèyàn béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ti èkejì ti di rárá nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ irú lẹ́tà yìí rí, mo sì ti jókòó ti àwọn tó ń ta páàtì tírákítọ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu iye tí wọ́n máa ta ọjà. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà tí ìjọba bá gbà yọ owó náà ló máa ń sọ ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Írẹ́lándì, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ètò tí àbúrò yín ń sọ ni wọ́n ń pè ní TAMS. Ó ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti ààbò oko, ìdá 60 nínú 100 sì ni ẹ̀ka yẹn ń san nínú ètò tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Àmọ́ kì í ṣe iye yòówù tí ọlọ́jà bá kọ sórí risíìtì ni wọ́n ń san ìdá 60 rẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn ní ìwé kan tí wọ́n kọ iye tó yẹ kí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí. Èyí tó bá kéré jù nínú iye inú ìwé yẹn àti iye orí risíìtì ni wọ́n máa ń bá lọ. Àgbẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ra nǹkan kan tàbí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kánjú rà á ti yọ ara rẹ̀ kúrò nìyẹn. Ìforúkọsílẹ̀ náà kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tì í, wọ́n á tún ṣí òmíràn. Ẹ wá wo ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ. Gbogbo ẹni tí lẹ́tà bá jáde fún á ya wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé iye owó yẹn ò fara sin, ọlọ́jà náà lè kà á. Tó bá wá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù méjì péré ló ń ta ohun tí wọ́n ń wá ní àdúgbò, kí ló máa sún ọ̀kan nínú wọn láti tà á ní iye tó dín sí ti inú ìwé? Ibi tí ọ̀gá àbúrò yín ti tọ̀nà nìyí. Ibi tí kò ti tọ̀nà ni pé ó mú un bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí fún gbogbo ọjà, ní gbogbo ìgbà.

Kò sì yẹ ká máa di gbogbo ọ̀wọ́n ọjà ru ìjọba tó ṣèrànwọ́. Lẹ́yìn kòrónà, irin gbówó lórí káàkiri ayé ní 2021. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine tún gbá a sókè ní 2022. Ẹni tó ń kọ́ ilé ẹran ní Írẹ́lándì nígbà náà rí ọ̀wọ́n, ì báà gba owó ìjọba tàbí kó má gba kọ́bọ̀. Ní tiwa níbí, ní oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì fò kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Kò sí ètò ìrànwọ́ kankan tó lè gbówó lé ìbòrí ṣáàfùtì tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọwọ́ tó gbé owó sókè, ẹ mú ọjà méjì tó ń bọ̀ láti ọwọ́ oníṣòwò kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ìjọba ń dá sí, kí èkejì jẹ́ èyí tí kò dá sí, bíi díìsì ohun èlò ìtúlẹ̀. Tí méjèèjì bá jọ gòkè, ọ̀rọ̀ dọ́là ni. Tí ìbòrí nìkan bá fò sókè ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba kéde, tí díìsì sì jókòó síbi tó wà, a jẹ́ pé ọlọ́jà ti gbọ́ ìròyìn.

Èmi ò sì bá àwọn ọlọ́jà jà. Bí mo bá ní ìbòrí mẹ́fà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo gbọ́ pé ọgọ́rùn-ún èèyàn ń bọ̀ wá rà á lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní tà á ní iye tí mo tà á lánàá, ẹ̀yin náà ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ọjà míì ṣe lè tètè dé tó. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ilé tó ń tà wọ́n ò lóǹkà. Tí ẹnì kan bá fowó lé e, ẹni tó wà ní ìtòsí á tà á ní iye ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìbòrí ṣáàfùtì yàtọ̀. Ó ní gígùn tirẹ̀, ó ní bó ṣe fẹ̀ tó, inú ọkọ̀ òkun ló sì ń bá dé, ìyẹn ni pé yóò tó oṣù mélòó kan kí òmíràn tó wọlé. Irin ààbò ẹ̀yìn ìjókòó ló le jù, torí èyí tó bá Massey mu ò ní bá tírákítọ̀ mìíràn mu, ẹni tó sì ń tà á kò pọ̀. Nítorí náà, tí owó ìjọba kan náà bá bọ́ sórí nǹkan mẹ́ta yìí, bàtà lè má gòkè rárá, kí ìbòrí gòkè fún ìgbà díẹ̀, kí irin ààbò sì gòkè kó má sọ̀ mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù rèé o: bí wọ́n ṣe máa ṣírò owó náà. Ẹ jẹ́ ká fi ₦50,000 ṣe iye ìbòrí kan (àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ má gbé e lọ fi ná ọjà). Bí ìjọba bá ń san ìdá 60, ẹ̀yin á san ₦20,000. Ọlọ́jà bá sọ ọ́ di ₦60,000. Ẹ̀yin á san ₦24,000. Ó fi ₦10,000 kún owó rẹ̀, ₦4,000 péré ló dùn yín, ìjọba ló gbé ìyókù. Ta ló máa torí ₦4,000 gun ọ̀kadà láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní ₦30,000 gbọnrangandan làwọn máa fún ẹni tó bá ra ìbòrí, iye yòówù tó bá rà á, ẹ wò ó: ní ₦50,000, ẹ̀yin á san ₦20,000 bíi ti àkọ́kọ́. Tó bá di ₦60,000, gbogbo ₦10,000 tó lé yẹn ọrùn yín ló bọ́ sí. Ẹ ò ní bá a ṣeré. Ẹ á ná an, ẹ á kúrò níbẹ̀, ẹ á sì pe ẹni tí ẹ mọ̀ ní Ìlọrin pé kó bá yín béèrè. Ọlọ́jà náà mọ̀ pé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó ki àṣejù bọ̀ ọ́. Owó kan náà ló kúrò lápò ìjọba nígbà tí ọjà wà ní ₦50,000. Ẹni tó ń ṣọ́ ọjà ló yàtọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà. Láti 2006 ni ilé ìwádìí kan ní ìlú Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, ti ń dá ìdá 70 nínú owó irin ààbò tírákítọ̀ padà fún àwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí iye tí wọ́n lè san. Ohun tó wù mí jù nínú ti wọn ni pé nọ́ńbà fóònù kan wà tí àgbẹ̀ máa pè, tí yóò sọ irú tírákítọ̀ tó ní, tí wọ́n á sì sọ irin tó bá a mu fún un, ibi tí wọ́n ti ń tà á, àti iye tó ń lọ. Irú ọjà tí ẹni tó ń tà á kò pọ̀ ni, wọ́n wá mú òkùnkùn kúrò lórí iye rẹ̀. Ní Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ Victoria bẹ̀rẹ̀ ní 2016 láti fún àgbẹ̀ ní owó tí kò ju dọ́là 600 ti ibẹ̀ lọ fún irin tí wọ́n ń de mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà oko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kó má baà tẹ èèyàn pa bó bá dojú dé. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ wọn sọ ọ́ di òfin: láti oṣù kẹwàá 2021, kò sí ọ̀kadà oko tuntun tí wọ́n lè tà láìní irin yẹn. Kí ọjọ́ náà tó pé, Honda àti Yamaha ti ní àwọn ò tà á níbẹ̀ mọ́. Òfin náà ò ná ìjọba ní owó ìrànwọ́, síbẹ̀ ó dín ọlọ́jà kù, ọjà tí ọlọ́jà bá sì ti dín kù lórí rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní ilé wa ńkọ́? Ajílẹ̀ ni ìjọba ti náwó lé jù, ìtàn ajílẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Írẹ́lándì pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ló ń rà á, ìjọba ló ń pín in. Nígbà tí Akinwumi Adesina di mínísítà ètò ọ̀gbìn, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, mọ́kànlá péré ni ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú yẹn ń dé ọwọ́ wọn. Ní 2012 wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ètò orí fóònù, tí àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ń ra àpò méjì ní ìdajì owó lọ́wọ́ ọlọ́jà tó sún mọ́ ọn. Ẹ rí i pé àìsàn ti ajílẹ̀ kì í ṣe pé owó ọjà gòkè. Ọjà náà ló ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Tí ẹ bá kọ̀wé pé kí ìjọba ra ìbòrí kó wá pín in fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, àìsàn yẹn gan-an lẹ̀ ń ránṣẹ́ pè. Ẹ tún máa pa àwọn aláta páàtì tó wà ní ìlú yín lára, torí kò sẹ́ni tó máa ra ohun tí wọ́n ń pín. Bí pínpín bá wá dáwọ́ dúró, kò ní sí ìbòrí ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́.

Ohun kan tún wà tó burú ju ọ̀wọ́n lọ, tí mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà. Ọjọ́ tí ìròyìn bá ti jáde pé ìjọba fẹ́ dá sí owó nǹkan kan ni gbogbo èèyàn á dáwọ́ rírà dúró. Ẹni tó ti kówó jọ á ní òun á dúró de ti ìjọba. Fún ajílẹ̀, ìdúró náà lè ba ọ̀gbìn ọdún kan jẹ́. Fún ìbòrí ṣáàfùtì, apá èèyàn ló lè lọ sí i. PTO ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí bùbá tó bá kan bóòtù orí rẹ̀, kí ẹni náà tó ké yéè ó ti ká a mọ́ra. Òfin Írẹ́lándì tó ní kéèyàn má rà á kí lẹ́tà tó jáde ní ìdí tirẹ̀, torí ìjọba ò fẹ́ sanwó ohun tí àgbẹ̀ ì bá ti fúnra rẹ̀ rà. Ó yé mi. Síbẹ̀, lórí ohun kékeré tó ń gba ẹ̀mí là, mo rò pé kò bójú mu.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ béèrè, bí ọlọ́jà tilẹ̀ máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ajílẹ̀, ẹni tó rà á ló máa kórè rẹ̀. Irin ààbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni tírákítọ̀ lè wà ní Ìbàdàn, ọmọ iṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Bí tírákítọ̀ bá dojú dé, olówó lè tún òmíràn rà. Ìyá ọmọ iṣẹ́ ò lè ra ọmọ. Ẹni tó ń sanwó kọ́ ni ìfarapa máa bá, ìyẹn ni ọjà nìkan ò ṣe lè yanjú ẹ̀. Bí ìjọba bá ná owó kan, tí ìdámárùn-ún rẹ̀ lọ sápò aláta páàtì, tí ìbòrí sì wà lórí gbogbo tírákítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá yín, èmi ò ní pè é ní òfò. Ọdún 1959 ni Swídìn ti pa á láṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí tírákítọ̀ tuntun tí kò ní irin ààbò, ikú tí tírákítọ̀ tó dojú dé ń fà sì dín kù gidigidi níbẹ̀ bí àwọn tírákítọ̀ àtijọ́ ṣe ń kúrò lóko. Òfin lágbára ju owó ìrànwọ́ lọ, mi ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òfin lórí tírákítọ̀ tuntun ò ní ràn yín lọ́wọ́ kíákíá ní ibi tó jẹ́ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun èlò náà fúnra wọn, torí owó lè dé kó sì bọ́ sórí ohun tí kò wúlò. Òrùlé tí jórinjórin fi páìpù ṣe sórí tírákítọ̀ nítorí oòrùn kì í ṣe irin ààbò. Bí tírákítọ̀ bá yí, á ká mọ́ awakọ̀ lórí ni. Irin ààbò gidi ni èyí tí wọ́n ti dán wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n sì lẹ àmì rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i tàbí kó jó o mọ́ ibòmíràn. Bẹ́líìtì ìjókòó ń bá a rìn. Èyí tó bá wà láìsí irin ààbò, ẹ má so bẹ́líìtì, torí á dè yín mọ́ abẹ́ ẹ̀. Ní ti ìbòrí ṣáàfùtì, ẹ ti rí i pé ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí rẹ̀. Ibi tí kò yí lára tírákítọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, kí ìbòrí náà má baà bá ṣáàfùtì yí. Ohun tí mo sì máa ń rí ni pé àwọn awakọ̀ ń fi ọ̀bẹ gé ìbòrí náà kí wọ́n lè ríbi fa gírísì sí i, wọn ò sì ní dá a padà mọ́. Ìbòrí tí owó ìjọba rà lè má lò ju ọdún kan lọ tí ẹnikẹ́ni ò bá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tú u kí wọ́n tó fi gírísì. Ní ti ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí, ibẹ̀ ni jórinjórin ti wúlò. Àwọ̀n irin tó máa bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ yẹn, jórinjórin àdúgbò lè ṣe é, kò sì nílò dọ́là kankan.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ lẹ́tà yín, iye pàtó lórí ohun kọ̀ọ̀kan ni màá béèrè, kì í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Màá ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì àgbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i lójú pé ohun náà ti wà lórí tírákítọ̀, kó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà tó wù ú ló ti rà á, torí ìwé orúkọ ọlọ́jà tí ìjọba fọwọ́ sí ló máa ń sọ ọlọ́jà ogún di mẹ́ta. Màá ní kí ìforúkọsílẹ̀ wà ní ṣíṣí títí owó fi máa tán, kí ẹni tó ti rà á láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn sì rí tirẹ̀ gbà, kó má baà sí ẹni tó ń dúró. Èyí ní àléébù tirẹ̀. Iye pàtó á máa yọ́ bí náírà ṣe ń yọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un wò lọ́dọọdún. Risíìtì àná rọrùn láti fi ṣe màgòmágó, ìdí nìyẹn tí kí wọ́n wò ó lójú fi ṣe pàtàkì ju risíìtì lọ. Ẹni tí kò sì ní owó láti kọ́kọ́ rà á kò ní rí nǹkan gbà, àfi tí alájẹṣẹ́kù yín bá yá a. Ó sì dára kí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Ìṣẹ́yìn àti Kíṣì kó owó jọ, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń kó o wọlé ní Èkó. Ẹni tó fẹ́ ra ogójì ìbòrí lẹ́ẹ̀kan kì í gba iye tí wọ́n bá pè fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan.

Kò sí lẹ́tà tó lè dá ọlọ́jà méjì tó ti gbìmọ̀ pọ̀ dúró, pàápàá ní ìlú tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rí. Kí lẹ́tà tó jáde, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ ní ọjà, ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè iye ìbòrí, iye irin ààbò àti iye díìsì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìlú yín àti ní Ìbàdàn. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí owó bá jáde, kí ẹni náà padà lọ béèrè ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan náà.